Ẹ́ńjìnnì gáàsì tó ń pèsè iná, omi gbígbóná àti òtútù fún òtẹ́ẹ̀lì: báwo ló ṣe yẹ kó tóbi tó?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ẹnjiníà wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mo ń bójú tó ilé àti ẹ̀rọ ní òtẹ́ẹ̀lì oníyàrá 140 kan ní GRA Ìkẹjà. A ní gbọ̀ngàn ayẹyẹ méjì, ilé oúnjẹ àti lọ́ńdírì. Band A la wà, ṣùgbọ́n iná ṣì ń lọ, jẹnẹrétọ̀ dísẹ́ẹ̀lì méjì, 800 kVA àti 1,000 kVA, la fi ń dí i. Chiller oníná méjì ló ń mú gbogbo ilé tutù, bọ́ílà dísẹ́ẹ̀lì ló sì ń gbé omi gbóná. Páìpù gáàsì gba iwájú ilé wa kọjá. Ilé iṣẹ́ kan ti wá bá olówó wa pé kó ra ẹ́ńjìnnì gáàsì 1,200 kW pẹ̀lú chiller absorption 1,000 kW, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi ooru ṣe òtútù dípò iná. Wọ́n ní ìdá 85 nínú 100 agbára gáàsì la ó máa lò, àti pé owó rẹ̀ á ti padà láàárín ọdún mẹ́ta. Mo fi àkọsílẹ̀ mítà ọ̀sẹ̀ kan ránṣẹ́ sí yín. Ṣé òótọ́ ni 85 yẹn? Ṣé ìwọ̀n ẹ̀rọ náà bá wa mu? Ṣé ká ta àwọn jẹnẹrétọ̀ wa?

Ìdáhùn: Ẹ kú àmójútó, ọ̀gá mi. Àkọsílẹ̀ mítà tí ẹ fi ránṣẹ́ yẹn wúlò ju ìwé tí òǹtajà kọ lọ, nítorí òun ló jẹ́ kí n lè dá yín lóhùn láìfa ọ̀rọ̀ gùn: òtẹ́ẹ̀lì yín wà lára irú ilé tí ètò yìí bá mu jù lọ, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fẹ́ tà fún yín fi ìlọ́po mẹ́ta tóbi jù. Bó bá jẹ́ owó mi ni, 400 kW ni mo máa rà. Ẹ jẹ́ kí n ṣe ìṣirò rẹ̀ lójú yín, kí ẹ lè gbé e síwájú olówó ilé.

Kúbíìkì mítà gáàsì kan ní agbára tó tó kílówáàtì-wákàtí 10. Ẹ́ńjìnnì gáàsì 400 kW tó dára máa ń sọ nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 rẹ̀ di iná. Ìyẹn ni pé kúbíìkì mítà 100 ni yóò máa jẹ ní wákàtí kan, agbára 1,000 kW, kó tó lè fún yín ní iná 400 kW. Ooru ni 600 tó kù. Díẹ̀ nínú ooru náà ń gba ara ẹ́ńjìnnì bọ́ sínú yàrá tó wà, èyí ò ṣeé kó. Èyí tó pọ̀ jù wà níbi méjì: nínú omi tó ń yí ara ẹ́ńjìnnì ká, tó ń jáde ní nǹkan bíi 90°C, àti nínú èéfín tó ń gba sàlẹ́ńsà jáde ní 400°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá mú omi gba ara méjèèjì kọjá nínú ẹ̀rọ tó ń gba ooru sílẹ̀, a lè rí nǹkan bíi 430 kW kó, ìdajì láti ibí, ìdajì láti ọ̀hún. Lára jẹnẹrétọ̀ dísẹ́ẹ̀lì yín, gbogbo ooru báyìí ló ń bá afẹ́fẹ́ lọ lójoojúmọ́.

Iná 400, ooru 430, lórí gáàsì 1,000: ìdá 83 nìyẹn. Nítorí náà òǹtajà yín ò purọ́ nípa 85 rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Ta ló ń wá ooru ra ní Ìkẹjà? Ẹ nílò díẹ̀ fún balùwẹ̀ àti lọ́ńdírì, ìyókù gbọ́dọ̀ di òtútù kó tó wúlò, ibẹ̀ sì ni ìṣirò òǹtajà ti dákẹ́. Chiller absorption tó ń lo omi gbígbóná 90°C ń sọ ooru 1 kW di òtútù 0.7 kW péré. 430 yẹn á di òtútù 300 kW. Chiller oníná yín, tó ń lo iná 1 kW láti ṣe òtútù 3 kW, máa ṣe òtútù 300 yẹn pẹ̀lú iná 100 kW. Ìyẹn ni pé gbogbo ooru 430 kW tí wọ́n fi ń yangàn, iṣẹ́ iná 100 kW ló ń bá yín ṣe. Bí ẹ bá fi chiller oníná ìgbàlódé tó ń fi omi tu ara rẹ̀ rọ́pò èyí tí ẹ ní, èyí tó lè ṣe òtútù 5 kW pẹ̀lú iná 1 kW, iṣẹ́ iná 60 kW péré ni ooru náà á máa gbà ṣe.

Ẹ wá ṣírò rẹ̀ bí oníṣòwò: gáàsì 1,000 kW wọlé, ó ṣe iṣẹ́ iná 500 kW. Ìdajì. Kò burú o! Jẹnẹrétọ̀ dísẹ́ẹ̀lì yín kì í sábà kọjá ìdá 35. Ṣùgbọ́n ìdajì kọ́ ni 85, ẹni tó bá sì gbé ìṣirò ọdún mẹ́ta ka orí 85 yóò rí i pé ọdún mẹ́ta náà á máa gùn sí i.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún àwọn oníbàárà pé omi gbígbóná ni kí ẹ kọ́kọ́ bọ́ kí ẹ tó bọ́ òtútù. Ooru 1 kW tó bọ́ sínú omi ìwẹ̀ yín gba bọ́ílà lọ́wọ́ sísun dísẹ́ẹ̀lì 1.2 kW, nítorí bọ́ílà náà ní ohun tó ń fi ṣòfò. Ooru 1 kW kan náà, bó bá di òtútù, iná 0.23 kW ló gbà sílẹ̀, èyí tí jẹnẹrétọ̀ máa sun dísẹ́ẹ̀lì nǹkan bíi 0.67 kW kó tó lè ṣe é. Èrè omi gbígbóná fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Lọ́ńdírì yín máa ń ṣiṣẹ́ láti aago mẹ́fà àárọ̀ títí di ọ̀sán, àkókò yẹn náà ni àwọn àlejò ń wẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ní 150 kW ni gbogbo ìyẹn ń gbà láàárọ̀: 280 tó kù ló máa lọ sí chiller, á sì fún yín ní òtútù bíi 195 kW. Lálẹ́, nígbà tí kò sí ẹni tó ń wẹ̀, gbogbo rẹ̀ a lọ sí òtútù. Fáàfù kan tó ń dá ara rẹ̀ yí ló ń ṣe ìpín yìí. Ẹ rí i dájú pé ó wà nínú àwòrán, kí ẹ sì rí i pé omi gbígbóná ló wà ní ipò àkọ́kọ́ lórí páìpù, kó má jẹ́ chiller.

Ohun kan tí wọ́n sábà máa ń gbàgbé nípa lọ́ńdírì ni ẹ̀rọ tó ń lọ aṣọ ibùsùn, ìyẹn rólà ńlá yẹn. Omi 90°C lè fọ aṣọ dáadáa, ṣùgbọ́n kò lè gbé rólà gbóná: ooru-omi tó gbóná ju 150°C lọ ni rólà ń wá. Nítorí náà, ẹ ò ní ju bọ́ílà yín nù. Ẹ lè fi kékeré kan rọ́pò rẹ̀ fún rólà nìkan. Bí òǹtajà bá ní ẹ máa bọ́ lọ́wọ́ bọ́ílà pátápátá, ẹ mú un lọ sí lọ́ńdírì kó lọ wo rólà náà fúnra rẹ̀.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ ìwọ̀n. Mo fura pé òǹtajà yín ka kVA tó wà lára jẹnẹrétọ̀ méjèèjì pọ̀, ó yọ díẹ̀ kúrò, ó sì pè é ní 1,200 kW. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀rọ ńlá ni èrè ńlá wà. Àkọsílẹ̀ yín sọ nǹkan mìíràn. Aago mẹ́rin òru ni iná yín ń kéré jù, 310 kW. Alẹ́ Sátidé tí ìgbéyàwó wà nínú gbọ̀ngàn méjèèjì ló pọ̀ jù, 720. Bí a bá pín gbogbo ọ̀sẹ̀ náà dọ́gba, 480 ló ń jẹ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò ni pé chiller absorption fúnra rẹ̀ máa dín iná tí ẹ́ńjìnnì yẹ kó gbé kù. Bó ṣe ń ṣe òtútù ni chiller oníná yín ń sinmi. 720 alẹ́ Sátidé yẹn, bí ẹ́ńjìnnì ńlá náà bá ń gbé e nìkan, tí gbogbo ooru rẹ̀ sì ń di òtútù, á sọ̀ kalẹ̀ sí bíi 590, lẹ́yìn tí a ti ka iná pọ́ǹpù tuntun mọ́ ọn. 310 òru á di nǹkan bíi 260. Ẹ fi 1,200 dojú kọ wọn: ní ọjọ́ tí iṣẹ́ pọ̀ jù lọ lọ́sẹ̀, ẹ́ńjìnnì náà kò ní dé ìdajì agbára rẹ̀, lóru ìdá 22 ló máa máa ṣe. Bí ẹni ra mọlúè láti fi gbé ọmọ méjì lọ sí ilé-ìwé ni. Ẹ́ńjìnnì gáàsì kì í fẹ́ kí wọ́n lo òun ní ìsàlẹ̀ ìdajì fún ìgbà pípẹ́. Òróró á máa yọ́ wọ ibi tí kò yẹ kó dé, plọ́ọ̀gì á máa dọ̀tí, gáàsì tó ń jẹ lórí iná kọ̀ọ̀kan á sì pọ̀ sí i. Kí a tó mọ̀ pé kíjìpá kì í ṣe awọ, ó di ọdún mẹ́ta. Àsìkò yẹn ni ẹ̀rí ìdánilójú òǹtajà á sì ti tán.

Ẹ wá wo 400. Nígbà tó bá wà ní kíkún, tí gbogbo ooru rẹ̀ ń di òtútù, ó gba 100 kúrò lórí chiller yín, ó sì fi bíi 15 kún un fún pọ́ǹpù àti fáànù. 480 yín á di 395. Ó bá a mu bí ìbọ̀sẹ̀! Lóru yóò sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí ìdá 65, èyí tí ara rẹ̀ gbà. Ní Sátidé, 235 tó kù á wá láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ iná, tàbí láti ọ̀dọ̀ dísẹ́ẹ̀lì bí iná bá lọ. Ìwọ̀n tó bá lè máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru ní agbára tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ló ń dá owó padà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní òṣùwọ̀n ojú kan fún irú ẹ̀rọ báyìí: bí kò bá ní lè ṣiṣẹ́ ju wákàtí 4,500 lọ lọ́dún, wọn kì í sábà rà á. Wákàtí 8,760 ló wà nínú ọdún, tiyín á sì lò ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ẹ yọ àkókò àtúnṣe nìkan.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí mi ò ní kí ẹ ra méjì kéékèèké, 200 àti 200. Wọ́n máa ń gbowó jù lórí kílówáàtì kọ̀ọ̀kan, iná tí wọ́n sì ń rí nínú gáàsì kò tó ti 400. Bó bá jẹ́ pé ẹ ò ní Band A, tí ẹ ò sì ní dísẹ́ẹ̀lì, ǹ bá sọ pé kí ẹ ra méjì. Ẹ fi àyè ẹ́ńjìnnì kejì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tán.

Bí ó bá jẹ́ ilé ọ́fíìsì lẹ ní ni, mo lè má dá a lábàá rárá. Ọ́fíìsì ń ti ilẹ̀kùn ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kò sí ẹni tó ń wẹ̀ níbẹ̀, ó sì ń sinmi lópin ọ̀sẹ̀. Olú ilé iṣẹ́ MTN ní Johannesburg ní irú ètò yìí, 2 MW (2,000 kW), ṣùgbọ́n àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tí kì í sùn, tó sì ń fẹ́ òtútù tọ̀sán-tòru, wà níbẹ̀. Ilé ìwòsàn, òtẹ́ẹ̀lì, ilé ìtajà tó ní yàrá òtútù fún ẹran àti ẹja: ibẹ̀ ni ètò yìí ń gbé.

Ìwọ̀n yìí tún kan àdéhùn gáàsì, mo sì rò pé ibẹ̀ ló ti lè dun olówó ilé jù. Àwọn tó ń ta gáàsì páìpù máa ń ní kí ẹ fọwọ́ sí iye tí ẹ ó máa lò. Bí ẹ ò bá lò ó tó, ẹ máa san owó ìpín tó pọ̀ nínú rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì 1,200 kW á mú kí ẹ fọwọ́ sí kúbíìkì mítà 300 ní wákàtí kan, nígbà tó jẹ́ pé ìdá mẹ́ta rẹ̀ lẹ nílò. Ẹ ó máa sanwó gáàsì tí kò kúrò nínú páìpù. Dọ́là ni wọ́n sì sábà fi ń ṣírò owó gáàsì, náírà ni àlejò yín ń san. Ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò yín ka ojú ìwé yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Yàtọ̀ sí èyí, lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀, ẹni tó bá fẹ́ ṣe iná tó ju 1 MW lọ fún ìlò ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Láti 2024 tí ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin iná tirẹ̀, ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ ni kí ẹ ti béèrè ohun tó kàn yín. 1,200 kọjá ààlà yẹn, 400 kò dé ibẹ̀.

Fún owó iná, ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ́ńjìnnì náà ń jẹ ìdá mẹ́rin kúbíìkì mítà kan fún kílówáàtì-wákàtí kọ̀ọ̀kan. Iye tí wọ́n bá pe gáàsì fún yín, ẹ pín in sí mẹ́rin, kí ẹ fi owó òróró, plọ́ọ̀gì àti àtúnṣe kún un. Ká ní ₦500 ni kúbíìkì mítà kan, á jẹ́ ₦125 kí ẹ tó ka àtúnṣe. Ẹ fi wé Band A, èyí tí wọ́n gbé láti ₦68 sí ₦225 ní oṣù kẹrin 2024 kí wọ́n tó dín in kù díẹ̀. Ẹ sì fi wé dísẹ́ẹ̀lì: lítà kan ń fún yín ní bíi kílówáàtì-wákàtí 3.4, nítorí náà bí lítà bá jẹ́ ₦1,000, iná yẹn ti di ₦290 kó tó di pé mẹkáníìkì dé. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún àtúnṣe ńlá pẹ̀lú, èyí tí wọ́n máa ń ṣe ní nǹkan bíi wákàtí 60,000, ọdún méje bí ẹ́ńjìnnì kò bá sinmi. Kì í ṣe owó kékeré. Ìṣirò tí òǹtajà fún yín kò gbọ́dọ̀ dópin ní ọdún kẹfà.

Ẹ jẹ́ kí n wá dúró díẹ̀ sídìí chiller absorption, nítorí òun ni àwọn òṣìṣẹ́ yín ò tíì mọ̀ lọ́wọ́. Ọgbọ́n inú rẹ̀ kì í ṣe tuntun: Ferdinand Carré, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ tó ń fi ooru ṣe yìnyín ní 1859. Ammonia àti omi ló lò. Omi àti iyọ̀ lithium bromide ni tòní. Wọ́n fa afẹ́fẹ́ inú ẹ̀rọ náà jáde títí omi inú rẹ̀ fi lè hó ní 5°C. Ẹ ò ṣì gbọ́, 5 ni mo wí. Bó ṣe ń hó ló ń gba ooru lára omi tó ń lọ sí àwọn yàrá yín, ìyẹn náà sì ń tutù dé 7°C. Iyọ̀ náà ń fa ooru-omi yẹn mu, ooru ẹ́ńjìnnì a wá sè é jáde lára iyọ̀, kí ó lè tún yí ká. Kò sí kọ̀mpírésọ̀ kankan, pọ́ǹpù kékeré nìkan ni, nítorí náà kì í pariwo.

Ohun méjì ló ń pa á. Èkíní ni afẹ́fẹ́ tó bá yọ́ wọlé. Ihò tí ojú ò lè rí tó láti dín agbára rẹ̀ kù, ó sì máa jẹ irin inú rẹ̀. Ẹni tó bá ń tọ́jú rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa kọ iye ìgbà tí ó ń tú afẹ́fẹ́ jáde sílẹ̀. Bí iye náà bá ń pọ̀ sí i, ihò wà. Èkejì ni kí iyọ̀ dì. Bí iná bá ṣàdédé lọ nígbà tí iyọ̀ ṣì gbóná tó sì ki, tí pọ́ǹpù dúró, á tutù, á sì di òkúta nínú páìpù. Wọ́n á wá máa fi ọwọ́ iná yọ́ ọ, ó sì lè gba odindi ọjọ́ kan. Ní ilẹ̀ tí iná kì í lọ, ọ̀rọ̀ yìí kéré. Ní Ìkẹjà, ẹ gbọ́dọ̀ fi pọ́ǹpù iyọ̀ àti pátákó ìdarí rẹ̀ sórí bátìrì tó lè gbé e fún bíi ìdajì wákàtí, kó lè fi omi po iyọ̀ náà kó má ki mọ́ kó tó sùn. Mo ti rí àwòrán ètò tó gbówó lórí gan-an tí bátìrì yìí kò sí nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni omi. Chiller oníná yín ń lo afẹ́fẹ́ láti lé ooru rẹ̀ dànù. Absorption ń lé ooru tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì rẹ̀ jáde, cooling tower ló sì nílò, ìyẹn ẹ̀rọ ìta tó ń fi omi àti afẹ́fẹ́ lé ooru dànù. Òtútù 300 tó ṣe, ooru 430 tó jẹ, 730 kW lápapọ̀ ló gbọ́dọ̀ gba cooling tower jáde, omi tó ń fẹ́ lọ sójú ọ̀run ló sì ń gbé e. Bí a bá fi omi ìdọ̀tí tí a ó máa tú dànù kún un, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà 1,450 ní wákàtí kan, lítà 35,000 lọ́jọ́ kan. Táńkà omi 10,000 mẹ́ta àti àbọ̀ nìyẹn, lójoojúmọ́. Ẹ wọn bohóòlù yín kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun, kí ẹ sì mú omi rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, pàápàá irin àti iyọ̀ inú rẹ̀. Omi tó ní irin pupọ̀ á fi ìpata di páìpù chiller láàárín oṣù díẹ̀. Omi cooling tower tún nílò oògùn tó ń pa kòkòrò Legionella, èyí tó ń fa àìsàn ẹ̀dọ̀fóró: àlejò yín ń mí afẹ́fẹ́ tó wà láyìíká rẹ̀. Kò sí ìdí tó fi yẹ kí wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yàrá tàbí ibi tí ilé ti ń fa afẹ́fẹ́.

Afẹ́fẹ́ Èkó náà kún fún ọ̀rinrin, kò sì sí cooling tower tó sábà lè mú omi tutù kọjá 30 tàbí 31°C níbí. Bí ìwé òǹtajà bá fi 27°C wọn agbára chiller, òtútù tó kọ síbẹ̀ kọ́ lẹ máa rí. Ẹ bi í léèrè lójú ẹ̀rí pé: omi gbígbóná mélòó, omi tower mélòó, omi tútù mélòó? Bó bá dáhùn kíákíá, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kó tà yín ní 1,000 kW òtútù rárá. 300 ni ooru ẹ́ńjìnnì 400 lè gbé. Jẹ́ kí absorption máa ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo ní ìsàlẹ̀, kí àwọn chiller oníná yín máa gbé ohun tó bá lé. Àwọn náà yá lọ́wọ́ láti gùn àti láti sọ̀; absorption lọ́ra, ó lè gba bí ìdajì wákàtí kó tó gbéra dáadáa. Àwọn kan máa ń fi táńkà omi tútù ńlá kún un láti fi òtútù òru pamọ́ fún ọ̀sán. Òtútù tí ẹ nílò lóru kò lọ sílẹ̀ tó 300, nítorí náà kò sí ohun tí ẹ máa pamọ́. Ẹ fi owó táńkà sílẹ̀.

Kí n tó gbàgbé: ẹ́ńjìnnì gáàsì kì í fẹ́ ẹrù òjijì bíi ti dísẹ́ẹ̀lì. Bí iná bá lọ ní Sátidé, tí 635 bá ṣubú lé e lórí lójijì, á kú. Pátákó tó so iná ìta, gáàsì àti dísẹ́ẹ̀lì pọ̀ gbọ́dọ̀ lè já àwọn chiller oníná sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó tún máa dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí kọ̀mpírésọ̀ wọn sì ní ohun tó ń mú wọn gbéra jẹ́jẹ́.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ lọ ti ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn yín. Mi ò ṣe yẹ̀yẹ́. 720 alẹ́ Sátidé yẹn, mo mọ bó ṣe máa ń rí: àwọn alásè ń gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé, wọ́n fi àpótí mínírà dá a dúró ní ṣíṣí láti aago méjìlá, gbogbo òtútù ń jáde lọ sí ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ìlẹ̀kùn tó ń pa ara rẹ̀ dé, ìbòjú sí fèrèsé tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, káàdì tó ń pa ẹ́síì bí àlejò bá jáde, orí ṣáwà tí kì í fi omi ṣòfò: owó wọn lápapọ̀ kò tó owó sàlẹ́ńsà ẹ́ńjìnnì. Ẹ ṣe wọn, kí ẹ tún ka mítà fún ọ̀sẹ̀ mìíràn, nínú oṣù kejì tàbí ìkẹta tí ooru mú jù. Ó ṣeé ṣe kí 400 di 350. Bí ẹ bá ra ẹ́ńjìnnì ṣáájú, ẹ ti ra ìfiṣòfò yẹn mọ́ ọn nìyẹn.

Nínú àdéhùn, ẹ ní kí wọ́n fi mítà ooru sí ẹ̀ka omi gbígbóná, sí ẹ̀ka chiller, àti sí rédíétọ̀ ìdanù tó máa wà lórí òrùlé. Rédíétọ̀ yẹn ló ń lé ooru tí ẹnikẹ́ni kò lò. Bí fáànù rẹ̀ bá ń yí ní ọ̀sán gangan, ẹ ń fi gáàsì gbé ojú ọ̀run gbóná. Ẹ so owó àtúnṣe òǹtajà mọ́ ohun tí mítà wọ̀nyẹn bá kà, kì í ṣe iná nìkan.

Jẹnẹrétọ̀ yín wá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ní kí ẹ fi 800 kVA sílẹ̀ kí ẹ ta ńlá, nítorí iná ti dín kù. Òdìkejì ni mo máa ṣe. Lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnnì gáàsì bá dúró, ooru rẹ̀ dúró, absorption dúró, gbogbo òtútù a sì padà sórí chiller oníná: 720 yín ti dé padà, ní kíkún. Jẹnẹrétọ̀ 800 kVA ń gbé 640 kW, kò tó. 1,000 kVA ń gbé 800, ó tó. Ẹ ta 800, ẹ fi 1,000 sílẹ̀, kí ẹ má sì tíì ta 800 náà títí ẹ́ńjìnnì tuntun náà á fi la oṣù kejì àti ìkẹta kan kọjá níbẹ̀.